Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Gbogbo èèyàn ló ń du iwájú ọkọ̀, àfi Suara. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí òórùn epo ti ń ta síni nímú, tí ẹ́ńjìnnì ti ń bú mọ́ni létí, ibẹ̀ ló ti ń wò láti ìgbà tí wọ́n ti ń pín jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó ní ẹbútẹ́. Ó wọ ọkọ̀, ó tẹ èèyàn méjì lẹ́sẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì jókòó ti ẹ́ńjìnnì pẹ́kípẹ́kí.

"Ìyá Hàmdálàt, ibí yìí ló dáa jù," ló wí, ó ń fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò lórí pákó tí kò ní eruku kankan.

Wọn ò tíì tan ẹ́ńjìnnì, nítorí náà gbogbo ẹbútẹ́ ló gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ta ẹja lápá kejì pàápàá yíjú wá wo ibi tó dáa jù náà. Àrínọlá, ìyá Hàmdálàt, wo iwájú ọkọ̀ níbi tí atẹ́gùn wà, ó wo ẹ̀yìn níbi tí èéfín wà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Suara. Hàmdálàt, ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá, rí àyè sí àárín ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàbá náà bí ẹni ń wo oníbàárà tó ń ná ọjà tí wọn ò pàtẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Suara, kó má di pé ẹ rò pé kò gbọ́n. Ó gbọ́n dáadáa. Ọgbọ́n náà gan-an ló kó bá a lọ́jọ́ yẹn.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń hun àpò ìrẹsì ní Àgídìngbì ni Suara ti di àgbà. Yàrá ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹnu ti ń wúlò. Ariwo kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wí, nítorí náà ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. Tí òwú bá já, wọ́n á gbọn ìka méjì. Tí ọ̀gá bá ń bọ̀, wọ́n á tún ọrùn ẹ̀wù wọn ṣe. Tí wọ́n bá sì bá ọ sọ̀rọ̀, o gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan etí, kí ẹni tó sọ ọ́ lè mọ̀ pé o ti gbọ́. Bí o kò bá tíì kan etí, a jẹ́ pé kò tíì sọ nǹkan kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí àwọn tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn bá dé, ẹni tí kò bá fẹ́ lọ sílé, tó fẹ́ dúró bá wọn ṣe é, àtẹ́lẹwọ́ ló máa gbé lé àárín orí. Ọwọ́ kan ṣoṣo o, torí tó bá di méjèèjì, ẹkún nìyẹn. Ìtumọ̀ ọwọ́ kan náà ni pé, èmi ò lọ, mo dúró.

Iwájú ẹ̀rọ Suara gan-an ni Àrínọlá ti ń ká òwú. Àwọn méjèèjì ti fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀ débi pé tí wọ́n bá pàdé lẹ́nu géètì, níbi tó dákẹ́, Suara kì í mọ ohun tó máa sọ. Ojú máa ń tì í. Ariwo ẹ̀rọ ti ba etí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Tó bá ní òun ń sọ̀rọ̀ àṣírí, ará ilé kẹta á ti máa bá a dá sí i. Ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé kò sí ọbẹ̀ tí òun sè rí tí àwọn ará Ifàkò ò mọ̀.

Ọkọ Àrínọlá náà ti kú tipẹ́. Suara ti ń ro ọ̀rọ̀ obìnrin náà, ó ń rò ó, ó ń sún un síwájú, ó ní ọjọ́ ṣì pọ̀. Àfi bí ilé iṣẹ́ ṣe kéde pé àwọn ń kó lọ sí Ṣàgámù. Àrínọlá ní òun ò bá wọn lọ sí Ṣàgámù kankan, Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ń lọ, sí ilé bàbá òun, òun á máa ta aṣọ níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa kó ẹrù. Ìgbafẹ́ ojú omi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ṣètò yìí, ìdágbére ni. Bí Suara ò bá ti sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ishaq, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tọ́jú ẹ̀rọ, ní kó bẹ àgbàlagbà kan kó bá a lọ sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Suara ní àsìkò dà? Ishaq ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi ọwọ́ sọ ọ́. Suara ní àmì òwú wà, àmì epo wà, àmì oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n ta ló ṣe àmì ìyàwó fífẹ́ sí ilé iṣẹ́? Níbi tó ti ń bínú sí ilé iṣẹ́ lórí àmì tí wọn ò ṣe ni ọgbọ́n náà ti wá sọ́kàn rẹ̀. Níbi tí ariwo bá wà, ẹni tí èèyàn bá fẹnu kàn létí nìkan ló ń gbọ́ni. Ibo sì ni ariwo wà lójú omi bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì?

Ọkọ̀ méjì ni ẹgbẹ́ gbà. Ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ló ń wa tiwọn. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì bú, inú Suara sì dùn bí ẹni tó padà délé. Omi ń ta sí wọn lójú. Àwọn obìnrin tó wà níwájú ń di ìborùn wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ilé àti òrùlé páànù ń pẹ̀yìn dà, ewéko ń gba etí omi. Apẹja kan dúró sínú ọkọ̀ tóóró, ó ju àwọ̀n, àwọ̀n náà là sójú omi, gbogbo wọn sì hó fún un. Ẹyẹ ńlá kan tí àpò wà lábẹ́ àgógó rẹ̀ jókòó sórí òpó. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí fi ìka hàn wọ́n, ó kígbe pé òfú nìyẹn. Ishaq ní ìbá ṣe pé òun ní irú àpò bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹnu ni, òun ò ní í gbé abọ́ lọ síbi ìnáwó mọ́.

Suara ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò níwájú dígí láti ìjẹta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò fẹ́ jáde. Ó tẹ̀ sí etí Àrínọlá, ó bi í bóyá omi ò ta sí i jù. Àrínọlá fọwọ́ kan etí, ó mi orí. Ó tún tẹ̀ sí i, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Àrínọlá fọwọ́ kan etí, ó yọ búrẹ́dì Agége nínú báàgì rẹ̀, ó là á sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi. Kò sẹ́ni tó gbọ́ wọn. Ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́. Suara jẹ búrẹ́dì tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ibì kan wà tí Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí máa ń mú àlejò lọ. Igi ẹ̀gbà ló kún ibẹ̀, gbòǹgbò wọn dúró nínú omi, orí wọn sì funfun fún lékeléke. Àwọn ẹyẹ náà ò fẹ́ ariwo. Bí ọkọ̀ bá ti kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ó máa ń pa ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè máa sún lọ. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo wọn ní ẹbútẹ́. Suara wà níbẹ̀, etí rẹ̀ ni kò bá a débẹ̀.

Suara tẹ̀ sí etí Àrínọlá, ó mí sínú. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá Hàmdálàt, ẹ má lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹ́ yín!"

Gbogbo lékeléke ló gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bo ojú ọ̀run, wọ́n ń ké, wọ́n ń yí po, ìyẹ́ ń já bọ́ sórí àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ kejì tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà ti pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà fò níbẹ̀.

"Ó kéré tán," ni Ishaq wí, "ó ti sọ ọ́."

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e, díẹ̀ ló kù kó dojú ọkọ̀ dé. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi apá nu omi ojú. Àrínọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó gbé ojú sókè, ó ń wo àwọn ẹyẹ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Ọwọ́ yẹn ni Suara ń wò. Ìkankan nínú wọn ò lọ sí etí. Ó wá bojú wo àárín ọkọ̀, ó rí i tí Hàmdálàt yí ẹ̀yìn sí i. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé bí kò bá jẹ́ pé kò mọ odò wẹ̀, ì bá bọ́ sómi.

Kí Ọlọ́run bù kún òkun, torí òun ló gbà á sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, tí wọ́n rìn la ìdí àgbọn kọjá, tí wọ́n sì bọ́ sí etíkun, kò sẹ́ni tó rántí Suara mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti ń gbé Agége àti Ifàkò láti ìgbà tí wọ́n ti wá sí Èkó, wọn ò sì tíì rí òkun rí. Wọ́n dúró, wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n sáré. Àwọn ìyá tó ń ké pé orúnkún ń dun àwọn, àwọn ló kọ́kọ́ dé inú omi. Ishaq lé akàn kan títí akàn fi yíjú padà tó ń lé òun náà. Níbi ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn igi, wọ́n rí ẹja kéékèèké tó ń fi lẹbẹ rìn lórí ẹrẹ̀ náà, àwọn kan ní àfi kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án kí àwọn tó gbà á gbọ́. Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí mú wọn lọ wo ibi tí ìjàpá òkun ti gòkè wá yé ẹyin. Ipa rẹ̀ lórí iyanrìn dà bí ìgbà tí wọ́n wọ́ àpò ìrẹsì kọjá, gbogbo wọn ló sì sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ àpò kì í fini sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n rọra bo ojú ibẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n kúrò.

Wọ́n yan ẹja, wọ́n bẹ́ àgbọn. Nígbà tó tó àkókò ìrun ọ̀sán, wọ́n tò lórí iyanrìn, ìgbì ń bá wọn ṣe àmín. Suara pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ishaq ní kó dìde o jàre, ohunkóhun tó bá ń bẹ Ọlọ́run fún, Ọlọ́run ti gbọ́ ọ láàárọ̀.

Suara dá jókòó sábẹ́ igi àgbọn nígbà tí Hàmdálàt wá bá a. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni Hàmdálàt ní Onígbòǹgbò, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró síwájú ẹni tó ṣẹ̀.

"Bàbá Tẹniọlá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Tẹniọlá ni ọmọ Suara, ó ti wà nílé ọkọ.

Suara ní kó jókòó. Ó gbé àgbọn kan fún un. Hàmdálàt gbà á, kò mu ún. Ó ní òun ò wá bá a jà, bẹ́ẹ̀ ni ojú ò ti òun nítorí ìyá òun, torí ẹni tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ́ kò jalè.

"Ohun kan ló wà lọ́kàn mi, sà. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ sókè. Bí ara rẹ̀ ò bá yá, jẹ́jẹ́ ló máa ń pe èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni. Ẹ̀yin ò sì gbọ́ràn dáadáa. Tó bá pe èèyàn, ta ló máa jẹ́ ẹ?"

Suara wo òkun. Inú rẹ̀ bàjẹ́, torí òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

"Etí mi ò dáa," ló wí, "mi ò ní í parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ ìyá rẹ, mi ò fi etí gbọ́ ọ rí. Ojú ni mo fi ń gbọ́ ọ. Bí orí bá fẹ́ máa fọ́ ọ, èjìká òsì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan orí, mo ti bá a wá omi. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é pé o ti bímọ, léraléra ló ń so òwú náà lódì, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ̀, mo lọ ra àkàrà wá fún un."

Hàmdálàt gbé àgbọn náà sílẹ̀. "Àkàrà yẹn," ló wí. "Ó gbé díẹ̀ nínú ẹ̀ wá fún mi ní ọsibítù. Ó ní ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá òun yọ̀ kí òun tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni?"

Suara ní òun ni.

Ọmọbìnrin náà gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn olùkọ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní kí Bàbá gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń pariwo nínú kíláàsì: tí àyà bá ń gbọ̀n mọ́ ọwọ́, ohùn ti pọ̀ jù, kí wọ́n dín in kù. Suara gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Báyìí?" Àwọn tó ń yan ẹja lọ́ọ̀ọ́kán yíjú wò wọ́n. Hàmdálàt mi orí, ó ní kó tún un ṣe. Wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, bàbá àgbàlagbà ń bi àyà ara rẹ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó sì wá mu àgbọn rẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, Àrínọlá kọjá lára ọkọ̀ Suara, ó lọ wọ èkejì. Suara rí i. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà ló lọ jókòó sí, torí kò mọ ibòmíràn tó lè jókòó sí mọ́, ó sì gbé báàgì rẹ̀ sórí àyè tó ṣófo. Ó ní kò burú, ẹni tó béèrè ò jẹ̀bi, ẹni tí kò dáhùn náà ò jẹ̀bi. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún wọra. Hàmdálàt wá, ó gbé báàgì náà sí ilẹ̀, ó sì jókòó tì í. Kò sọ ìdí tí kò fi bá ìyá rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìdí igi ẹ̀gbà, Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí yí ojú sí Suara, ó fi ìka lé ètè kó tó pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ọkọ̀ gbé ẹ̀rín mì. Ọkọ̀ kejì rọra sún wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Lékeléke ti padà sórí igi, wọ́n pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ, àwọn míì ṣì ń bọ̀ láti inú oòrùn. Ibẹ̀ dákẹ́ tó fi jẹ́ pé ìró omi tó ń kán lára àjẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Nínú ọkọ̀ kejì, Àrínọlá yí ara rẹ̀ padà. Ó wá ojú Suara títí ó fi rí i. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fọwọ́ kan etí.

Suara na ọrùn síwájú.

Lẹ́yìn náà, Àrínọlá gbé àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo lé àárín orí, lórí ìborùn, ó sì fi í síbẹ̀. Kò gbé e kúrò. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí òṣìṣẹ́ kan nínú ọkọ̀ méjèèjì tí kò mọ ohun tó wí. Ẹnikẹ́ni ò sì lè pariwo nítorí àwọn ẹyẹ. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́sẹ̀, Ishaq ti fi eyín bu fìlà rẹ̀ jẹ, èjìká rẹ̀ ń mì. Suara fi ọwọ́ méjèèjì kan etí méjèèjì, ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí nílé iṣẹ́ wọn, omi sì lé ròrò sí i lójú. Hàmdálàt tí kò mọ èdè náà ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo gbogbo wọn. Ó tẹ̀ sí etí bàbá náà.

"Kí ni màmá mi wí?"

Suara gbé ọwọ́ lé àyà. Àyà náà ń lù kì kì kì, ó sì dúró díẹ̀ kó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó jẹ́ ti ayọ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ohùn.

"Ó ní òun ò lọ mọ́," ló wí. "Ó ní òun dúró."

Hàmdálàt gbọ́ ọ. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ, kò sì sí lékeléke kan tó fò.